Ọrọ́ Mẹ́kà Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ẹ má pè mí ní ìyàwó Àláájì. Bí ẹ bá pè mí bẹ́ẹ̀, n ó jẹ́, nítorí ọmọ mi, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn sí i. Hàwáwù ni mí, ọmọ Ìlọrin, oníkúlíkúlí ní Tudun Wada. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dín kúlíkúlí kí n lè rówó lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tí owó náà tó ẹnì kan, ọkọ mi Jimoh ní kí òun kọ́kọ́ lọ, pé bí òun bá ti mọ ọ̀nà tán, òun á wá mú mi lọ. Mo gbà. Ta ni kì í gba ọkọ rẹ̀ gbọ́?

Lọ́dún 1954 ló wọ mọ́tò lọ sí Maidugùrì, pé láti ibẹ̀ ni wọn ó ti la Sudáànì kọjá. Oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà ló dé. Ó wé láwàní, ó sì mú ewé ọrọ́ kan dání, ó fẹ̀ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀gún bò ó. Ó ní ẹ̀bá ọ̀nà Mẹ́kà lòun ti gé e, pé èso rẹ̀ dùn, pé kí n gbìn ín kí n fi máa rántí pé èmi ló kàn.

Mo gbìn ín sẹ́yìn ilé. Eérú ààrò ni mo ń dà sí ìdí rẹ̀, n kì í bomi rin ín púpọ̀ kó má baà rà. Ewé kan di méjì, méjì di ogún. Lọ́dọọdún ni mo ń béèrè ìgbà tí a ó lọ, lọ́dọọdún sì ni Jimoh ń rí àwáwí. Ó ní ọ̀nà ò dára. Ó ní àìsàn ń bẹ ní Sudáànì. Ó ní kí Zuwera ọmọ wa dàgbà díẹ̀ sí i ná.

Lọ́dún kẹrin, ọrọ́ so, èso rẹ̀ pọ́n bí osùn. Mo bi Jimoh bí wọ́n ṣe ń ká a. Ó ní ọwọ́ lásán ni, pé Bísímílà ni wọ́n ń wí ní Mẹ́kà, wọn a sì já a. Mo wí Bísímílà, mo nawọ́ sí i. Yéè! Irun kéékèèké tí ojú ò fẹ́ẹ̀ lè rí gún gbogbo ọwọ́ mi, ọjọ́ mẹ́jọ ni n kò fi lè yí kúlíkúlí. Nígbà tí mo ké bá a, ó mirí, ó ní iyèméjì ló wà lọ́kàn mi. Ẹ gbọ́ ná! Mo sì gbà á gbọ́. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ohun tí n kò ṣe.

Matthias ló là mí lójú. Ará Kàbà ni, ó ń tọ́jú ọgbà fún òyìnbó kan lódìkejì odò, ó sì máa ń ra kúlíkúlí lọ́wọ́ mi. Ó rí ọwọ́ mi tó wú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ní ń fọwọ́ ká a. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń ká a, láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀ kí irun náà má baà fò. A ó yí i nínú iyanrìn, a ó fi ìgbálẹ̀ gbá a dáadáa, kí a tó bó o. Mo bi í níbi tó ti mọ èso Mẹ́kà.

“Mẹ́kà kẹ̀? Ìyá Zuwera, èmi ni mo gé e fún Bàbá Zuwera lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Ó kún ẹ̀yìn ilé ìdáná ọ̀gá mi.”

Mo tẹ̀lé e kọjá afárá. Mo fojú ara mi rí i, ó ga jù mí lọ.

Nígbà tí mo délé, n kò pariwo. Mo kàn bi Jimoh pé ibo ló dé. Ó wolẹ̀ títí. Ó ní Maidugùrì ni, pé ẹni tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn ló sá lọ, òun sì ń bá aránṣọ kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí òun fi rí owó padà sílé. Ìtìjú ni, ó ní. Bí òun bá padà lásán, kí ni wọn ó máa pe òun?

“Wọn ì bá máa pè yín ní Jimoh,” ni mo wí. “Jimoh náà ni mo fẹ́. Ọdún mẹ́rin lẹ fi dá mi dúró, nítorí pé ẹ ò mọ ọ̀nà.”

Bó bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ tó dé, ǹ bá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó Mẹ́kà jọ nídìí agbada. Apá mi ṣì le nígbà náà. Ní báyìí orúnkún ń dùn mí, èéfín sì ti ba ojú mi jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn àna wá tọrọ Zuwera, àwọn àti Àáfà Jàmàlúdéènì. Ọmọ Àláájì ni wọ́n wá fẹ́. Bí mo bá la ẹnu, ọmọ mi ni n ó bà jẹ́. Mo fẹ̀mú ká èso ọrọ́, mo bó o, mo gbé e síwájú wọn. Àáfà jẹ ẹ́, ó tẹ́wọ́ àdúrà.

“Àláájì, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ mú ìyàwó yín dé ilẹ̀ tí èso yìí ti wá.”

Gbogbo wọn ṣe àmín. Jimoh náà ṣe é, ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù. Omijé bọ́ lójú mi, n kò lè dá a dúró. Àwọn obìnrin rọ̀gbà yí mi ká, wọ́n ní ẹ wò ó, Mẹ́kà ló ń pa á lẹ́kún. Wọn ò purọ́.