Àwọn Obìnrin Ilé Kọjú sí Isaac

Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lẹ́yìnkùlé ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ Ojúmọ́ kọ́kọ́ dé Ìdí-Òro. Ojúmọ́ ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti kàwé, wọ́n sì ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, wọ́n ń wá ọmọdé bíi tiwọn tí yóò du ipò kánsẹ́lọ̀, pé àwọn yóò dúró tì í. Ọmọbìnrin tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Bísọ́lá. Ó fa àpótí, ó mú ọ̀bẹ, ó bá mi bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ó bó tó mẹ́ta, ó ní ọmọ ọmọ mi, Mọ́fẹ́yìsára, ni àwọn fẹ́.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

Ó ní, "Yèyé, a fẹ́ kó wọlé."

Mọ́fẹ́yìsára ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé wa. Ìyá rẹ̀, ìyàwó ọmọ mi, rọbí títí, ó kú lójú ọ̀nà kí wọ́n tó gbé e dé Ìkẹ́rẹ́. Ilé ìwòsàn wà ní Ìdí-Òro nígbà náà, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Nọ́ọ̀sì ni kò sí níbẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Bísọ́lá bi Mọ́fẹ́ pé kí ni yóò ṣe bí ó bá dé ipò, kò ronú rárá. Ó ní òun yóò mú nọ́ọ̀sì wá, òun yóò sì máa ka ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ná sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn.

Isaac Ògúnṣọlá ló wà lórí ipò náà. Ó ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí òkú bá kú ní Ìdí-Òro, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ilé olókùú. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò dé. Ọmọ ilé ọkọ mi ni Isaac, bí Mọ́fẹ́ náà ti jẹ́ ọmọ ilé. Èmi ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó bí i, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ fún ìyá rẹ̀. Àwọn obìnrin ilé yòókù bá a níbẹ̀ ni, nítorí náà ọkọ wọn ni. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ga.

Àwọn Ojúmọ́ ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń kọ́ Mọ́fẹ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò kí ohùn má gbọ̀n. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi òro. Wọ́n bá a kó àwọn obìnrin jọ sí ojúlé mi.

Ìyá Jẹ́jẹ́, tí ó tẹ̀lé mi nínú àwọn obìnrin ilé, wo Mọ́fẹ́ títí. Ó ní, "Ṣé Ọnọ́rébù la ó máa pè ọ́ báyìí, ìwọ tí mo nu ukun nímú rẹ?"

Mọ́fẹ́ ní, "Ẹ máa pè mí ní Mọ́fẹ́, Ìyá Jẹ́jẹ́. Imú náà ṣì wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hannah, ìyàwó tí a gbé kẹ́yìn, tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, béèrè bóyá nọ́ọ̀sì náà yóò dé kí òun tó bí. Mọ́fẹ́ ní òun kò lè ṣèlérí ìyẹn. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gbà á gbọ́. Gbogbo wọn ní tirẹ̀ làwọn ó ṣe. Bísọ́lá ní kò sí ìwé títẹ̀ lọ́jọ́ ìbò abẹ́lé o, ìlà ni ẹgbẹ́ òṣèlú yóò tò láti mú ẹni tí yóò gbé àsíá wọn. Ó ní kí a gbìyànjú rẹ̀ wò. Mọ́fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin tò síwájú rẹ̀, wọ́n kọjú sí i, ìlà náà gùn dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bísọ́lá ní tí ó bá rí báyìí, ó parí.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, pápá ilé ìwé ni a lọ. Ọ̀gá kan wá láti Adó láti kà wá. Ó ní kí Isaac lọ dúró sí ìdí òpó gọ́ọ̀lù tó wà lápá ojú ọ̀nà, kí Mọ́fẹ́ dúró sí ti apá igbó. Ó ní kí kálukú lọ tò síwájú ẹni tó bá yàn, kí ó kọjú sí i.

Àwọn ọkùnrin ilé lọ sọ́dọ̀ Isaac. Àwọn ọ̀dọ́ lọ sọ́dọ̀ Mọ́fẹ́, èmi náà lọ. Àwọn obìnrin ilé kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún Isaac. Wọ́n ní, "Agùntáṣọọ́lò, ẹ kú ìdúró." Ó ní kí wọ́n dìde. Wọ́n dìde, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn, wọ́n ń fà sẹ́yìn, bí obìnrin ilé wa ti ń kúrò níwájú ọkọ, títí wọ́n fi la pápá já dé ọ̀dọ̀ Mọ́fẹ́. Wọ́n tò sínú ìlà wa. Ìlà wa gùn ju tiwọn lọ, ẹni tó bá lójú ló rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Isaac ni wọ́n kọjú sí, Mọ́fẹ́ ni wọ́n kẹ́yìn sí.

Ọ̀gá Adó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ta lẹ yàn?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ní, "Mọ́fẹ́yìsára ni."

"Ẹ yíjú sí i nígbà náà, kí n kà yín."

Kò sí ẹni tó yíjú. Ọ̀gá náà ní òfin ni òun ń tẹ̀lé, ibi tí ojú bá wà ni ìbò wà.

Mọ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ìyá Jẹ́jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yíjú."

"Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ rẹ la wà. Ṣé o ò rí wa ni?"

"Mo rí yín. Ojú yín nìkan ni wọ́n ń kà."

"A ò lè kẹ́yìn sí ọkọ ulé níta gbangba. Ó ń wò wá."

Lóòótọ́, ó ń wò wọ́n. Mo kúrò nínú ìlà, mo rìn la pápá náà já lọ bá a. Mo ní, "Isaac, fún wọn láyè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kí ó tó fèsì. Ó ní, "Yèyé, ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n kọjú sí mi? Ìyàwó mi ni wọ́n. Bí ojú mi bá ń wù wọ́n wò, kí ni kí n ṣe?"

Àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀yìn. Hannah ti yí díẹ̀, ó ti yí ní ẹ̀gbẹ́, ó fọwọ́ di ikùn mú. Isaac wúkọ́. Kò le, bí ẹni tí eruku bọ́ sí lọ́fun ni. Hannah yí padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá Adó kà wọ́n mọ́ Isaac. Ó ka èmi náà mọ́ ọn, nítorí iwájú rẹ̀ ni mo dúró sí. Nígbà tí mo sọ fún un pé Mọ́fẹ́ ni mo yàn, ó ní òun ti kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bísọ́lá jókòó sí ojúlé mi. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ fún àwọn. Mo ní kò sí ẹni tó rò ó. Isaac kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a tò lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tí à bá kẹ́yìn sí. Ó ní àwọn ń lọ sí Àgbàdo-Èkìtì, àwọn ti rí ọmọkùnrin kan níbẹ̀, kí Mọ́fẹ́ wá bá àwọn kọ́ ọ. Mọ́fẹ́ ní òun yóò rò ó. Bísọ́lá dì mọ́ ọn. Mọ́fẹ́ jẹ́ kí ó dì mọ́ òun.

Àwọn obìnrin ilé kò wá. Èmi náà kò ránṣẹ́ sí wọn. Inú kò bí mi. Mo wá ìbínú náà títí, n kò rí i.

Isaac dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, ó sì se oúnjẹ. Àwọn obìnrin ilé ló dáná, iṣẹ́ wọn ni. Mọ́fẹ́ wé gèlè, ó ní òun ń lọ bá wọn pín omi.

Mo ní, "Má lọ."

Ó ní, "Yèyé, ọmọ ulé ni mí. Bí n kò bá lọ, wọ́n ó ní mo bínú."

Mo jókòó sábẹ́ ìbòòji, mo ń wò ó. Ó gbé omi fún Isaac, ó kúnlẹ̀. Isaac ní, "Ọmọ dáadáa." Ó gbé omi fún Hannah, tí ó ń bu ìrẹsì, tí ikùn rẹ̀ ti ga débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ó lọ bá Gbénga ọlọ́kadà níbi tí ó ti ń jẹun.

Ó ní, "Gbénga, má jẹ́ kí epo tán nínú ọ̀kadà rẹ lóṣù yìí."

Gbénga ní, "Nítorí kí ni?"

Ó fi ẹnu tọ́ka sí Hannah.

Gbénga wò ó, ó gbé ẹran tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mì. "Àti ní òru?"

"Àti ní òru."

Ó ní òun ti gbọ́. Mọ́fẹ́ gbé abọ́ omi náà, ó sì lọ bá àwọn tó kù.