Ẹnu Iṣan Mẹ́rin

Orí àkàbà ni Gbémiga wà lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ dá a lágara. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ń kọ létí títì márosẹ̀ ní Ìbàfò. Ó ti kọ "Òkè" tán, ó ku "Ìdáǹdè", ni ọkàn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló sáré gbá a mú kó tó já lulẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni nígbà náà, kò mu sìgá, kò mu ọtí. Gbogbo àdúgbò Lotto ní Mówè ló mọ ọwọ́ rẹ̀, torí pátákó tó wà láti ibẹ̀ dé Ìbàfò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, òun ló kọ ọ́.

Ọmọlabí ìyàwó rẹ̀, tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé, ló ń mú un kiri ilé ìwòsàn fún ọdún méjì gbáko. Òògùn ń mú kó rẹ̀ ẹ́, ọkàn náà kò sì yéé dàrú. Nígbà tó yá, dókítà kan l'Ékòó sọ fún wọn pé ìtọ́jú kan wà ní Íńdíà: wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú iṣan láti orí itan, yóò gba ibẹ̀ dé inú ọkàn, wọ́n á sì fi iná orí rẹ̀ jó ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti ń wá.

Gbémiga kò fẹ́ lọ. "Ìyá Dámi, jẹ́ kí n máa mu òògùn mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sínú ọkàn mi."

"Ẹ ò lè gun àkàbà mọ́," ni Ọmọlabí fèsì. "Ẹ ò lè gbé Dámiláre dìde nílẹ̀. Ẹ lọ, Bàbá Dámi. Ẹ lọ nítorí tèmi."

Nítorí tirẹ̀ ló ṣe lọ. Jọmílójú, ẹ̀gbọ́n Gbémiga tó ń gbé ní Áyálàndì, ló ru ìnáwó ìrìn àjò náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, tọkọtaya náà dé ìlú Chennai.

Dókítà ibẹ̀, ọkùnrin kúkurú kan tó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀, ya fọ́tò inú ọkàn náà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló pè wọ́n jókòó, ó sì fi bírò yà á sórí ìwé.

"Iṣan mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró wá sínú ọkàn, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì," ló wí. "Ẹnu wọn ni àìsàn yìí ti sábà máa ń wá. A ó jó ara ọkàn yípo ẹnu kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ṣọgbà yí i ká, kí ohun tó ń dà á rú má lè jáde." Ó fi bírò tọ́ka sí fọ́tò náà. "Tiyín yàtọ̀. Méjì ti apá òsì ti para pọ̀ kí wọ́n tó dé ọkàn, ẹnu kan ṣoṣo tó fẹ̀ ni wọ́n ní. Lápá ọ̀tún, ìkẹta kékeré kan wà láàárín àwọn méjì tó yẹ kó wà. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn."

"Ṣé kò ní sàn ni?" Ọmọlabí bi í.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn tó nírú ẹ̀ ló ń sàn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó fẹ̀ tó báyìí, ó ṣòro kí rọ́bà wa fẹsẹ̀ múlẹ̀ létí rẹ̀. Ọgbà náà lè ní àlàfo. Èyí tó kéré yẹn, tí iná bá dé ẹnu rẹ̀, ó lè sún kì. Mi ò lè ṣèlérí."

Gbémiga yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ọmọlabí mọ ohun tó ń retí. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní káwọn máa lọ sílé, kíá ni yóò dìde. Ó bojú wolẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣe é, dókítà."

Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lò. Nígbà tí Gbémiga jí, ọkàn rẹ̀ ń lù déédéé. Dókítà kìlọ̀ fún wọn pé ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ pé ó ti jẹ́.

Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n padà dé Mówè, pásítọ̀ ìjọ wọn ní kí Gbémiga wá jẹ́rìí. Ó rọra sọ sí Ọmọlabí létí pé, "Wọ́n ní ká dúró ná." Ọmọlabí fi ìgbúnwọ́ tì í dìde. Ó jẹ́rìí, ìjọ sì ho yè. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi dé etí Ròkíátù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọmọlabí. Irú àìsàn yìí gan-an ló ń bá bàbá rẹ̀ jà, Àlájì Mùsáfírù tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ifọ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni Ọmọlabí fi kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn náà fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó jókòó sí lórí garawa ọ̀dà. Ìka méjì wà lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń ka nǹkan.

"Ìgbà wo ló ti padà?"

"Ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́wàá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Èmi tí mo ti jẹ́rìí," ni Gbémiga wí. Kò bínú sọ ọ́. Àìbínú yẹn ló dun Ọmọlabí jù.

Wọ́n dúró títí oṣù mẹ́ta fi pé, bóyá yóò lọ fúnra rẹ̀. Kò lọ. Ikọ́ tún wá kún un. Wọ́n ya fọ́tò míì l'Ékòó, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Chennai, dókítà náà sì pè wọ́n lórí fóònù. Àlàfo wà létí ẹnu tó fẹ̀ lápá òsì. Iṣan kékeré ti apá ọ̀tún ti ń sún kì, ohun tó fa ikọ́ nìyẹn. Òun lè tún un ṣe, àmọ́ àǹfààní ibẹ̀ kéré, ewu rẹ̀ sì pọ̀. "Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni," ló ní, "mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́."

Gbémiga gbé fóònù sílẹ̀. "Lọ bá Àlájì. Má jẹ́ kó tìtorí ẹ̀rí mi lọ."

Ọmọlabí gba Àgbàdo kọjá dé Ifọ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sá sóòrùn. Ó rò gbogbo rẹ̀. Àlájì gbọ́ ọ tán, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, o ò tàn mí. Ṣùgbọ́n físà mi ti jáde. Ohun tí Ọlọ́run bá kádàrá ni."

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ló lọ sí Chennai. Ó sàn.

Ní oṣù kẹsàn-án, Àlájì àti Ròkíátù gbé oyin wá sí Mówè láti wá dúpẹ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó ti fi ogójì ọdún mu sìgá ni, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti ibùdókọ̀. "Dókítà yẹn ní iṣan mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú ẹnu tiẹ̀," ló ń sọ. "Ó ní irú èyí kì í yọ òun lẹ́nu." Ìgbà náà ló rí ojú Gbémiga, ó sì rọra gbé oyin náà kalẹ̀.

"A dúpẹ́, Àlájì," ni Gbémiga wí. Ó dúpẹ́ lóòótọ́, kí ikọ́ tó gbà á.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ọmọlabí ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹ bínú sí mi, Bàbá Dámi. Ẹ sọ nǹkan sí mi."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Inú ìyá mi ni wọ́n ti tò ó bẹ́ẹ̀."

Oṣù kọkànlá ni rọpárọsẹ̀ dé. Òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, Gbémiga ń lò ó, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó yẹ kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òògùn náà tó ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ń kọ pátákó kan tó tẹ́ sórí àpótí méjì nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì já bọ́. Ó gbìyànjú àtimú un, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ahọ́n kọ̀.

Títí di òní, pásítọ̀ kò pe ẹnikẹ́ni síwájú ìjọ pé kó wá tún ẹ̀rí náà ṣe. Ọmọlabí ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọnú yàrá kó lè máa rí ọkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà míì, Gbémiga á sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò já gaara, ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọmọlabí á dá ẹ̀rọ dúró. Ṣé omi ni? Ṣé kí n yí yín padà? Ṣé Dámiláre lẹ fẹ́ rí? Gbémiga á máa mi orí títí agara yóò fi dá a, yóò sì kọjú sí ògiri.