Okùn Ihò Àrọ̀

Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi Bándélé fi wà nínú Ihò Àrọ̀ kí odò Ògùn tó fà dé ibi tí ènìyàn lè wọlé lọ gbé e. Oṣù kẹwàá ọdún 1947 ni omi mú un. Oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀lé e ni a padà lọ.

Ihò náà wà lábẹ́ àpáta ńlá kan létí odò, lọ́nà Odeda. Ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ilé ìdáná lọ, abẹ́ omi ni ó sì wà tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Inú rẹ̀ ni àwọn ẹja àrọ̀ ńláńlá ń sá sí. Méjì méjì ni àwọn tó ń fi ọwọ́ mú wọn ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan á so okùn mọ́ ìbàdí, á mí kanlẹ̀, á wọlé. Èkejì á jókòó sórí àpáta, á di okùn mú, á máa ka àdúrà tí ó bá mọ̀. Bí iye tí wọ́n fẹnu kò sí bá pé, á fa okùn, ẹja ì báà wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, ì báà má sí. Òkùnkùn inú ihò kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ọ̀nà, ayọ̀ ẹja kì í sì í jẹ́ kí ó mọ àkókò.

Ọdún mẹ́jọ ni Láwàlì ará Òṣíẹ̀lẹ̀ fi di okùn fún Bándélé. Fátíhà ni ó ń kà. Lọ́jọ́ kan, ó fà á jáde nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọwọ́ kọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja kan. Bándélé bínú. Ó ní ewúrẹ́ ni wọ́n ń fi okùn fà, pé òun mọ iye èémí tó wà láyà òun. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń so okùn mọ́ gbòǹgbò igi, tí ó ń dá wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, okùn nìkan ni a fà jáde. Ó ti já.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá wa ń béèrè: kí a gbé ọmọ òun wá sin sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbein, kí òun náà tó tẹ̀lé e. Ikọ́ kì í jẹ́ kí ó sùn mọ́. Láwàlì ní òun á wọlé. Nítorí pé òkú ni, kò sí ẹni tó gbà láti di okùn, àfi èmi Olúbọ̀dé, tíṣà ilé-ìwé, tí n kò mọ Fátíhà.

“Baba Wa ńkọ́?” ni Láwàlì béèrè. “Àbí ṣọ́ọ̀kì ti jẹ ẹ́ tán lẹ́nu rẹ?”

“Mo mọ̀ ọ́n, Bùrọ̀dá.”

Ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó ki ojú bọ korobá omi láti wọn èémí rẹ̀, mo sì ń ka Baba Wa bí a ti ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá tó ń bó ẹ̀gúsí nítòsí ń bá mi kà á. Àmín kejì kò tí ì dé tí Láwàlì fi gbé orí sókè, tí omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

“Tíṣà! Ṣé ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní lò ń kọ́ ni? Bí o bá kà á báyìí lójú odò, òkú méjì ni ẹ ó sin.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú un yá. Baba Wa mẹ́ta, kíákíá, ni a fẹnu kò sí.

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ibì kan wà nínú àdúrà náà tí n kì í sọ mọ́: ibi tí a ti ń ní kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ. Láti ọjọ́ tí okùn ti jáde lófìfo, bí a bá dé ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń pa ẹnu dé, ìjọ á gbé mi kọjá. Ní ẹ̀yìnkùlé, Màmá ni ó gbé mi kọjá. N kò kà á sí. Gbólóhùn kan péré ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, àwa mẹ́ta dé odò. Màmá jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi. Láwàlì so okùn mọ́ ìbàdí, ó mú àpò àwọ̀n kan dání. Ó wo gbòǹgbò tí Bándélé máa ń so tirẹ̀ mọ́. Ojú okùn ṣì wà lára rẹ̀.

“Gbòǹgbò kì í ka Baba Wa,” ni ó wí. Ó mí kanlẹ̀, ó wọlé.

Mo kà á sínú. Bí mo bá ti dé ibẹ̀, mo ń fò ó. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo fà.

Láwàlì jáde, ó dì mọ́ àpáta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ta ló ní kí o fà mí? Ọwọ́ mi ti kan ìgbànú rẹ̀!”

“Bùrọ̀dá, ó ti pé.”

“Irọ́ ni! Fátíhà márùn-ún tèmi ló ṣe déédéé Baba Wa mẹ́ta rẹ nílé. Mẹ́rin péré ni mo kà nísàlẹ̀. O fo nǹkan.” Ó nu ojú. “Ka á sókè, kí Màmá gbọ́.”

Ó tún wọlé. Mo kà á sókè. Mo dé ibẹ̀, ahọ́n mi dúró. N kò lè fò ó, n kò sì lè sọ ọ́. Okùn rọra lọ lọ́wọ́ mi, òun náà dúró. Ojú omi kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. N kò mọ bí mo ti pẹ́ tó kí n tó gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn mi. Ó sọ gbólóhùn náà tán.

“Máa kà á lọ, Olúbọ̀dé,” ni ó wí. “Ọmọ ẹlòmíràn wà lábẹ́ omi.”

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó tún bá mi sọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ kò jáde. Mo sọ ọ́. Mo ṣe Àmín, mo fà.

Okùn wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láwàlì jáde, ètè rẹ̀ ti funfun, ó gbá àpò àwọ̀n náà mọ́ àyà pẹ̀lú egungun tó wà nínú rẹ̀. 

“Kò ju ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà sí ẹnu ihò, Màmá,” ni ó wí. “Inú ihò ni ó kọjú sí.”

Màmá tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo àpò náà.

Ọjọ́ Ajé ni a sin ín. Pósí náà fúyẹ́. A gé okùn ihò sí méjì láti fi sọ ọ́ kalẹ̀; Láwàlì di etí méjì mú ní ìhà kan, mo di méjì mú ní ìhà kejì. Ó ń wo ọwọ́ mi, mo ń wo tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má bàa yá ju ẹnìkejì lọ.