Ojú Kọ̀ǹpútà Tó Dúdú

Ó ti rẹ Etí-Ehoro. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn o. Àárẹ̀ "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín pé mo lè ṣe é" ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé ojú rẹ̀ kò ríran láti kékeré, àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ògiri, á gbọ́ ọ. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ọwọ́ rẹ̀ sì yá bí nǹkan míì. Àmọ́ gbogbo ibi tó ti lọ wáṣẹ́, wọ́n á wo ọ̀pá funfun ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "A ó pè ọ́." Ta ló pè é? Kò sẹ́ni tó pè é.

Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ní kó wá dán ara rẹ̀ wò nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbọ́ ìpàdé táwọn èèyàn gbà sílẹ̀, kí wọ́n sì tẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbọ́ sórí ìwé. Bí inú ọ̀gá bá dùn sí i títí di ọjọ́ Ẹtì, á gbà á síṣẹ́. Bí inú rẹ̀ ò bá dùn, ó dìgbà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí Etí-Ehoro ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ò jẹ́ kó gbádùn: "Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan wí sí ẹ o."

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún, iṣẹ́ tó gùn jù lọ ni wọ́n gbé fún un. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tó gbé wá láti ilé-ìwé, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú, láti àárọ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ó ku díẹ̀ kó parí ni ohùn kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ létí bá dákẹ́ lójijì. Ó rò pé iná ló lọ, àmọ́ fáànù ṣì ń yí lókè orí rẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

"Èmi ni." Bọ̀dá Ṣáájì ló dáhùn, ẹni tó jókòó tì í, tí bátìrì fóònù rẹ̀ kì í kún láé. "Mo yọ wáyà ẹ̀ kí n lè fi ti fóònù mi sí i. Ṣebí o ti pa á?"

"Mo pa á kẹ̀? Mo ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀!"

"Pẹ̀lú ojú ẹ̀ tó dúdú yìí? Látọjọ́ tó o ti dé ló ti rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé orin lò ń gbọ́."

Yéè! Ṣé ẹ rí ayé? Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá nílé-ìwé ló máa ń yọjú ka ohun tí Etí-Ehoro bá ń kọ, ni òun náà bá pa ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà náà, kò sì tàn án mọ́. Kí ló fẹ́ fi í ṣe? Nínú ọ́fíìsì yìí, kálukú ló fi nǹkan dí etí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ojú ni gbogbo wọn fi ń wò ó.

"Ọ̀gá náà ńkọ́?"

Bọ̀dá Ṣáájì ní, "Ó máa ń kọjá lẹ́yìn ẹ, á kàn mirí. Àná ló bi mí pé ta ló ń bá ẹ ṣe àwọn iṣẹ́ tó ò ń kó wá."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀."

Inú bí Etí-Ehoro. Àmọ́ àyè àtisunkún dà? Ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tíì fi pamọ́, gbogbo rẹ̀ ti lọ. "Dá wáyà mi padà," ó ní. "Kó o sì bá mi tan ojú ẹ̀. Jẹ́ kó mọ́lẹ̀ gan-an."

Ó bẹ̀rẹ̀ látibi tó ti sọnù. Ìka ń ro ó, ọrùn ń ro ó. Àwọn tó kù ti ń kó báàgì wọn nígbà tó parí, tó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ló ká ọwọ́ sórí itan, ó gbé orí lé ẹ̀yìn àga, kò ṣe nǹkan kan mọ́.

Ó gbọ́ bàtà ọ̀gá. Bàtà náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹn-hẹn!" Ẹ̀rín wà lóhùn ọ̀gá. "Ẹ wá wo ojú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń tàn! Mo ṣáà mọ̀ pé ọmọ yìí á jí lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ nìyí! Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ ṣé, sà," Etí-Ehoro dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí itan.