Iyọ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì

"Rárá," ni Màmá wí. Ó na ọwọ́ tí iyọ̀ ṣì funfun lára rẹ̀, ó sì pa ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, kí gbogbo ilé búrẹ́dì lè gbọ́ ọ dáadáa. "Mo ní rárá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kankan ò ní wọ ara ìyàwó ilé yìí."

Apá irin ẹ̀rọ náà yí díẹ̀ sí i, ó sì dúró gbagidi sínú ìyẹ̀fun, bí ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu. Ìyàwó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì wo ọkọ rẹ̀ tó ń fi òróró pa inú páànù búrẹ́dì. Ọkọ tẹ orí mọ́ páànù. Páànù kan ṣoṣo yẹn ló ti ń pa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń dán bíi dígí.

"Màmá, ọ̀sán òní ni dókítà abẹ́rẹ́ náà fẹ́ rí mi," ni Ìyàwó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wá. Bí mi ò bá dé ibẹ̀ lónìí, ìrọbí lè ká wa mọ́ láìṣètò ohunkóhun."

"Ètò wo? Ṣé dókítà ló ṣètò fún ìyá tó bí mi?"

Ohun tí Ìyàwó ń bèèrè kì í ṣe àṣejù. Nígbà tí Ìyàwó bí àkọ́bí rẹ̀, ìrora ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè títí gìrì fi gbé e lórí ibùsùn. Ọmọ yè, òun náà yè, ṣùgbọ́n orí ló yọ wọ́n. Nínú oyún yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti padà dé. Dókítà tó ń tọ́jú oyún náà ní bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tètè gún un ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn, kí ìrora lè rọlẹ̀ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa rí ohun tí yóò máa tì í gun òkè. Ìyàwó bi í ní ìbéèrè títí dókítà náà fi ya àwòrán ọ̀pá ẹ̀yìn sórí bébà fún un. Ẹni tó gbọ́dọ̀ rí inú nǹkan kó tó fọkàn tán an ni Ìyàwó. Òun ló kọ́ ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ ìyẹ̀fun yìí palẹ̀. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Kì í ṣe ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá," ni Màmá tún wí. "Ìwé Mímọ́ ló ní nínú ìpọ́njú ni obìnrin yóò máa bímọ. Ta ni ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rẹ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká..." ni Ọkọ bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ, máa pa páànù rẹ."

Ọkọ padà sídìí páànù.

Ẹnu ọ̀nà ṣí, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sì wọlé. Bàbá Hébérù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ yà kí èdè Hébérù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé búrẹ́dì mi ti jinná, àbí kí n máa fi òórùn rẹ̀ panu?"

"Ọlọ́run ló rán yín wá," ni Màmá wí. "Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí. Kí ni Ìwé Mímọ́ wí nípa obìnrin àti ọmọ bíbí?"

Bàbá Hébérù wo ojú Màmá, ó wo ojú Ìyàwó, ó sì wo búrẹ́dì tó wà lórí pẹpẹ. "Ṣé òtítọ́ lẹ fẹ́ kí n sọ, àbí ohun tí yóò jẹ́ kí n rí búrẹ́dì gbà?"

"Òtítọ́. Búrẹ́dì yín ò ní sá lọ."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ní èdè Hébérù ni ítsábónì."

"Ó dà bí orúkọ oògùn ikọ́."

"Ì bá jẹ́ oògùn, à bá ti rà á." Olùkọ́ fa ìjókòó sọ́dọ̀. "Ìrora ara wà nínú rẹ̀, Màmá. Làálàá iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìbànújẹ́ ọkàn náà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ni èdè náà ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí iṣẹ́ ṣe ń dun egungun, bí ọ̀fọ̀ ṣe ń dun ọkàn, inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọlọ́run sọ sí obìnrin. Kò tíì kúrò lórí ìdúró tó fi sọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà sí ọkùnrin: nínú ítsábónì ni ìwọ náà yóò ti máa rí oúnjẹ jẹ." Ó tọ́ka sí ẹ̀rọ. "Ta ló ra èyí?"

"Èmi ni."

"Kí ló fà á?"

"Èjìká ọmọ mi. Fífi ọwọ́ po ìyẹ̀fun fẹ́ yọ ọ́ lápá."

"Ṣé ẹ gbàdúrà sí i lọ́jọ́ tí ẹ rà á?"

"A gbàdúrà. A tún..."

"A tún kọrin ọpẹ́," ni Ọkọ fi parí rẹ̀ láti ìdí páànù.

Bàbá Hébérù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀rọ̀ náà tún jáde lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá kan ló ń sọ ọmọ rẹ̀ tuntun lórúkọ. Ó ní ọmọ yìí ni yóò tu àwọn lára nínú ítsábónì ọwọ́ àwọn. Ẹni tó ń wá ìtura ló dárúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn, Màmá. Mi ò sì rí ibi tí Ọlọ́run ti bá a wí."

Màmá fi bébà wé búrẹ́dì kan, ó gbé e lé olùkọ́ lọ́wọ́. "Ẹ ṣé. Ẹ máa lọ kó má tutù." Ó tan ẹ̀rọ padà, ó yí ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó ki ọwọ́ bọ inú ike iyọ̀, ó sì da ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ kan sínú ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn náà, ó wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìyẹ̀fun sí, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ó yẹ kí inú Ìyàwó dùn. Ó ti rò pé bí ẹnìkan bá lè já ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ yẹn, gbogbo nǹkan ti parí. Wọ́n ti já a, ṣùgbọ́n Màmá ò yí padà.

Nígbà tó yá, ìyẹ̀fun kọ̀, kò wú. Wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ nínú ọpọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, ibi tí wọ́n fi í sí náà ló dùbúlẹ̀ sí, bí ọ̀lẹ tí wọ́n jí tí kò dáhùn.

"Ìwúkàrà ló ti bàjẹ́," ni Ọkọ wí.

Ìyàwó kì í méfò. Ó bu ìwúkàrà tó kù sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ó sì dúró tì í. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìwúkàrà yè. Ó wá já díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pípò náà, ó fi kan ahọ́n, ó sì tutọ́.

"Iyọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi sí i. Ohun alààyè ni ìwúkàrà; iyọ̀ díẹ̀ a máa tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, ńṣe ló máa ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ."

"Màmá kọ́. Màmá kì í ṣi iyọ̀ fi."

Òótọ́ ni. Láti ayé tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun, ọwọ́ Màmá ni iyọ̀ ti ń jáde. Kì í wọ̀n ọ́n. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n, oníbàárà kan ò sì rí i wí rí.

"Wọ́n ti fi í kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ," ni Ìyàwó wí. "Ìgbà tí Bàbá Hébérù lọ, wọ́n tún fi í. Ojú mi ló ṣe, ọkàn mi ni kò sí níbẹ̀."

Àwọn àgbà ní ohun tó bá dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti Màmá ò hàn nínú ọ̀rọ̀. Inú iyọ̀ ló pọ̀ sí.

"Jọ̀ọ́, má bá wọn sọ ọ́," ni Ọkọ wí. "Ojú á tì wọ́n."

"Kì í ṣe iyọ̀ ni mo fẹ́ bá wọn sọ."

Nígbà tí Ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, Màmá jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun kan, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ìyàwó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ sórí àpò kejì.

"Bí mo ṣe jókòó yìí, ẹ̀yin lẹ máa fà mí dìde o."

Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu Màmá, kò sì pẹ́ tó lọ. "Iyọ̀ ti pọ̀ jù, àbí?"

"Ẹ mọ̀?"

"Bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi ni ọwọ́ mi ti sọ fún mi. Ẹnu tí n óò fi wí i ni mi ò rí."

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́. Kí ló ń dùn yín?"

Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lójú títì, àwọn páànù tó wà lára ògiri sì gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ," ni Màmá wí.

Ìyàwó mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ òun kú sí. Àwòrán rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé.

"Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un," ni Màmá wí. "Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, ‘Màmá, ẹ bá mi tún ìrọ̀rí yìí ṣe.’ Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tún un ṣe. Kí n tó gbójú sókè, ó ti sùn. Kò jí mọ́. Wọ́n ní kí n jáde. Mo ń bi wọ́n pé abẹ́rẹ́ wo nìyẹn, kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ní kí n fara balẹ̀. Ẹlòmíràn ní àṣẹ Ọlọ́run ni. Títí dòní, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

"Ẹ ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Bí mo bá ní ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n á ní ìyá ìjọ ò nígbàgbọ́. Bí mo bá fi Ìwé Mímọ́ sọ ọ́, gbogbo wọn á dákẹ́. Wọ́n sì ń dákẹ́. Àfi ìwọ."

Ìyàwó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó rí hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́. Omijé bọ́ lójú Ìyàwó, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

"Màmá, ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Mi ò dá yín lẹ́bi. Mi ò tiẹ̀ ní kí ẹ gbà mí gbọ́ pé okùn lèyí. Ẹ bá mi lọ lọ́sàn-án yìí. Gbogbo ìbéèrè tí wọn ò dáhùn nígbà yẹn, ẹ kó o lọ bá dókítà yìí. Irú abẹ́rẹ́ wo ni? Ṣé yóò mú mi sùn? Ta ni yóò máa wo ojú mi? Ẹ má dìde níbẹ̀ títí yóò fi dá yín lóhùn."

"Bí ìdáhùn rẹ̀ ò bá wọ̀ mí létí ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni Ìyàwó ì bá ti purọ́. Ó rò ó, kò sì pa á.

"Ẹ óò tún bi í. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí a tó jáde, kó má dà bíi pé mo tàn yín. Èmi á gba abẹ́rẹ́ náà. Bí ẹ bá tẹ̀lé mi, inú mi á dùn. Bí ẹ ò bá tẹ̀lé mi, n óò sunkún dé ibẹ̀, n óò sì gbà á. Mo lọ́mọ kan nílé ìwé, Màmá. Mo fẹ́ kó máa bá mi nílé."

Màmá wò ó títí. "O lágídí."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ yín fẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ kó lọ sílé ẹlòmíràn?" Màmá dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì fa ìyàwó ọmọ rẹ̀ sókè. "Ìyẹ̀fun yẹn ńkọ́? Mi ò lè dà á nù."

"A ó po òmíràn tí a ò ní fi iyọ̀ sí rárá, ká wá po méjèèjì pọ̀. Iyọ̀ náà á pín."

Bí wọ́n ṣe jáde, Ọkọ ti bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, páànù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ tẹ̀lé e lọ, Màmá," ló wí. "Bí ẹ fẹ́, bí ẹ kọ̀."

"Ẹnu rẹ là lónìí!" ni Màmá wí. "Ó mà pẹ́ o. Èmi ni mò ń bá a lọ. Ìwọ gbé àpò ìyẹ̀fun kan wá, kí o dúró ti ẹ̀rọ."

"Ta ni yóò fi iyọ̀ sí i?"

"Kò sẹ́ni!" ni àwọn obìnrin méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé dókítà abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe àgbà; obìnrin kékeré kan ni, ó wọ bàtà rọ́bà. Màmá kọ́kọ́ sọ ti ọmọ rẹ̀ fún un, láti orí ìrọ̀rí títí dé ibi tí wọ́n ti ní kó jáde.

"Mi ò sí níbẹ̀, Màmá," ni dókítà wí. "Mi ò lè parọ́ fún yín pé mo mọ ohun tó ṣe é. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n ti dá yín lóhùn."

Ìgbà yẹn ni Màmá tó fẹ̀yìn ti ìjókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó bèèrè bóyá Ìyàwó yóò sùn. Dókítà ní rárá, yóò máa sọ̀rọ̀ ni. Ó bèèrè ohun tó lè yí bìrí; dókítà ò fi bò, ó ní ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, orí lè fọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ ohun tí àwọn máa ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, irú èyí tí wọn óò fi sílẹ̀ lẹ́yìn Ìyàwó kí oògùn lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Màmá gbà á, ó na án, ó gbé e sójú fèrèsé, ó ń wá ihò rẹ̀. Ìyàwó wò ó, ó sì rí i pé bí òun náà ṣe máa ń wo bẹ́líìtì ẹ̀rọ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Ọkọ sáré pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, kí ni dókítà wí?"

Màmá ò dá a lóhùn. Ó kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó mú ọṣẹ.

"Ó ní bí ìrọbí bá dé, kí n fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá kí n tó wọlé jókòó tì í," ló wí, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní kó má kọ́ mi. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ dé ìgúnpá kí wọ́n tó bí i."

Ìyàwó ṣí aṣọ orí ọpọ́n. Ìyẹ̀fun ti gun òkè dé etí ọpọ́n. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ojú ibẹ̀ wọlé, ó sì rọra padà bọ̀ sípò.

Màmá nu ọwọ́ rẹ̀, ó já díẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Ẹ kó páànù wá," ló wí.