Bọ́ọ̀lù Tí Eladio Fi Sílẹ̀

"Tèmi ni! Fi í sílẹ̀!"

Ohùn Nicanor, aṣọ́lé wọn, ni. Eladio ti tẹ orúnkún láti fò, orí ni ì bá fi gbá bọ́ọ̀lù náà dànù, àmọ́ tí aṣọ́lé bá ti ní tòun ni, agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn kì í bá a dù ú. Ó tẹ orí ba. Bọ́ọ̀lù gba orí irun rẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi máa wẹ̀yìn, Nicanor ṣì dúró lórí ìlà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀, bọ́ọ̀lù sì ti wà nínú àwọ̀n.

Góòlù yẹn ló gba ìgòkè sí líìgì òkè lọ́wọ́ Torrehiniesta, ẹgbẹ́ ìlú wọn. Nínú yàrá ìmúra, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń sunkún, wọ́n bi Nicanor bóyá ó pariwo. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan. Balógun ẹgbẹ́ ni, bàbá rẹ̀ ló sì ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fún epo ólífì. Ta ni yóò gba ti ọmọ ogún ọdún gbọ́? Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti sọ Eladio ní Ère, nítorí pé ó dúró bí ère inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ó kó bàtà rẹ̀, ó kúrò nílùú. Ó gbá bọ́ọ̀lù kiri líìgì ìsàlẹ̀: lórí pápá oníyanrìn ní gúúsù, ní erékùṣù kan tí atẹ́gùn ti máa ń dá bọ́ọ̀lù padà fún ẹni tó gbá a, ní ìlú awakùsà kan tí ẹgbẹ́ ti fọ́ kí sáà tó parí. Láàárọ̀, ó máa ń ru táìlì nílé iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe fún ara rẹ̀: bọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ gba orí òun kọjá, òun yóò gbá a dànù, ì báà jẹ́ aṣọ́lé mẹ́wàá ló ń pariwo. Àwọn aṣọ́lé kórìíra rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ imú rẹ̀ rí. Kò yí òfin padà. Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó padà wálé láti gbá sáà kan tó kẹ́yìn. Nicanor ti di kóòṣì. Ó gba Eladio, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú rò pé àárò ilé ló sọ ọ́. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ni Eladio fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yẹn kó tó bọ́ bàtà.

Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ òní, èyí tó kẹ́yìn sáà náà. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, wọ́n dúró sí líìgì wọn. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n já wálẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ń ta. Àwọn èèyàn jókòó sórí àtẹ̀gùn símẹ́ńtì, wọ́n ń fi eyín là kóró òdòdó oòrùn, wọ́n ń tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ère!" Màmá Casilda, tó ń ta ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ló ké bẹ́ẹ̀. "Lónìí, rántí pé ẹsẹ̀ ń bẹ lára ẹ o!"

"Ẹ gbájú mọ́ ọtí tẹ́ ẹ ń bomi là, Màmá!"

Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, bọ́ọ̀lù gíga kan wọlé láti ọ̀tún. Jacobo, aṣọ́lé wọn, jáde.

"Tèmi ni, ẹ̀gbọ́n!"

Eladio gbọ́ ọ ketekete. Ó fò bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì kọlura, wọ́n ṣubú bí àpò ọkà, bọ́ọ̀lù sì bọ́ síwájú alátakò kan tó kàn fẹsẹ̀ tì í wọlé.

Nínú yàrá ìmúra, Nicanor la ìgò omi mọ́lẹ̀.

"Ọmọ yìí pariwo! Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ pápá! Tí aṣọ́lé bá ti ní tòun ni, kí ni ọwọ́ ẹ̀yìn ń ṣe?"

"Á fi í sílẹ̀," Eladio dáhùn. "Mo fi í sílẹ̀ rí."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà níbẹ̀.

"Ẹ yọ mí, Kóòṣì." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wojú mi, kẹ́ ẹ tún un sọ pé ẹ ò pariwo lọ́jọ́ yẹn."

Ojú Nicanor lọ sára ògiri.

"Ẹ so okùn bàtà yín," ló wí níkẹyìn. "A ń padà sí pápá. Gbogbo yín."

Lẹ́nu ọ̀nà, Jacobo fa apá Eladio. Òwú ló fi dí imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmú ni mo ṣì ń mu nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìjà yín. Èmi kọ́ ni Kóòṣì. Tí mo bá ti pè é, mo ń bọ̀ wá gbà á nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Eladio ju ìkọlù náà lọ.

Pẹnáritì kan dá wọn padà sí ọ̀mì. Rẹfirí ti ń wo aago nígbà tí bọ́ọ̀lù gíga mìíràn tún dé láti ọ̀tún.

"Tèmi ni!"

Gbogbo ara Eladio ní kó fò. Ó rí alátakò tó ń já bọ̀. Itan Eladio ti le láti fò. Ó tẹ orí ba. Kì í ṣe pé ó ti dárí ji ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ̀ kí Nicanor máa ṣọ́lé lẹ́yìn òun títí ayé. Ó gbọ́ ìró ìbọ̀wọ́ lára bọ́ọ̀lù, pá! Jacobo ti gbá a mọ́ àyà.

Nígbà tí fèrè dún tán, gbogbo wọn rọ́ lọ sọ́dọ̀ Màmá Casilda, níbi tí ọtí àti ólífì ti ń dúró dè wọ́n.

"Ère! Mo rí ẹ o!" Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín. "O tún dúró, ò ń wòran! Ọpẹ́lọpẹ́ Jacobo!"

Ẹ̀rín ta. Nicanor gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Kóòṣì, ṣé ọtí ti ń gun yín ni?"

"Mo ní ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó fi í sílẹ̀ torí pé aṣọ́lé pè é."

Ẹ̀rín kú díẹ̀díẹ̀. Eladio kò gbójú sókè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti ro ọjọ́ yìí. Nínú gbogbo rẹ̀, òun ló máa ń di Nicanor lọ́rùn mú títí yóò fi jẹ́wọ́. Kò rò ó rí pé òun lè jókòó, kí òun má béèrè nǹkan kan.

"Lọ́jọ́ yẹn náà, mo pariwo," Nicanor wí sókè, kí àwọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lè gbọ́. "Mo ní tèmi ni. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ló wá bà mí." Ó kọjú sí i. "Mo pè é, Eladio. Mi ò jáde."