Pílásítà Siale Ní Ìbàdí Pásítọ̀

Èsì Nọ́ọ̀sì Bronwyn wọlé sórí fóònù Siale ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí ijó ti parí láti alẹ́ àná. "Rárá o, ọmọ mi. Má jẹ́ kí òróró kan ibi tí pílásítà wà. Yóò ṣí kúrò lára rẹ."

Siale ka á, ó tún un kà, ó wá ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Awọ ara lásán ló bá níbẹ̀. Pílásítà ti lọ.

Kì í ṣe pílásítà egbò. Ó fẹ́lẹ́, ó mọ́lẹ̀ bí ìyẹ́ eṣinṣin, oògùn obìnrin tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́sítírójìn ló wà nínú rẹ̀, tí yóò máa gba inú awọ wọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Leiti ni Siale. Ohun tí àwọn ará erékùṣù Tonga ń pe ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó ń gbé ayé obìnrin nìyẹn, leiti kò sì ṣọ̀wọ́n nínú ìjọ wọn ní Mount Druitt, ìlú òkèèrè tí wọ́n ṣí wá. Ta ni ìbá máa to òdòdó? Ta ni ìbá máa bá àwọn akọrin wí? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Siale ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ni ara rẹ̀ ti ń gbọ́ tirẹ̀, bí ìgbà tí ilé tí èèyàn ti ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ bá wá dáhùn pé, "Wọlé." Nígbà kan tí pílásítà wọ́n ní gbogbo ilé oògùn, ó làágùn nínú òtútù, ó bínú sí ìkòkò, ó sì sunkún nínú bọ́ọ̀sì nítorí pé ajá kan wò ó tàánú-tàánú. Ó tún ti wọ́n báyìí. Ẹyọ kan péré ló kù nínú páálí.

Àǹtí Kalolaine ló fa gbogbo rẹ̀, bí ó bá ṣeé ṣe kí èèyàn dẹ́bi fún Àǹtí Kalolaine. Ẹ̀gbọ́n bàbá Siale ni, nínú ilé Tonga, kò sí ẹni tó ga ju ẹ̀gbọ́n bàbá tó jẹ́ obìnrin lọ. Bàbá Siale fúnra rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó máa ń bú àwọn ọlọ́pàá, kì í gbó o lẹ́nu. Ọdún wá, ọdún lọ, nígbà tí àwọn ọmọbìnrin bá ń jó tauʻolunga, ijó tí wọ́n ń fi ọwọ́ jó, àga ni Àǹtí máa ń ní kí Siale lọ tò. Àfi lọ́sẹ̀ yìí, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí ó ń wò ó bó ṣe ń fọ abọ́.

"Ọwọ́ yẹn ń jó," ni Àǹtí wí. "Ìwọ ni o máa jó fún owó ìjọ lọ́jọ́ Ẹtì."

Ká ní ó ní kí Siale gbé òkun mì lọ́jọ́ náà, ife ni Siale ìbá lọ wá.

Ìbàdí ni pílásítà máa ń wà, ṣùgbọ́n okùn aṣọ ijó máa ń há mọ́ ìbàdí, ó lè ha á kúrò. Ni Siale bá gbé e lọ sí ẹ̀yìn èjìká, lábẹ́ irun. Ó rò pé òun gbọ́n. Ó ti kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nípa òróró, èsì kò dé, Àǹtí sì dé, tòun ti ìgò òróró àgbọn.

"Àǹtí, ó ti tó."

"Kí ló tó? Ọmọbìnrin tí kò dán, ta ni yóò lẹ owó mọ́ ọn?"

Bẹ́ẹ̀ sì ni. Òróró náà ló ń jẹ́ kí owó lẹ̀ mọ́ oníjó lára, owó yẹn sì ni ìjọ fi ń tún òrùlé ṣe. Siale jó. Ó gbàgbé gbọ̀ngàn, ó gbàgbé iná funfun tó ń ṣẹ́jú lókè. Ọwọ́ rẹ̀ di ẹyẹ méjì tó ń wá ibi tí wọn yóò bà sí. Àwọn ìyá dìde, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn léjìká, wọ́n ń pariwo, àwọn ọkùnrin ń jó bí wèrè lẹ́yìn rẹ̀ kí tirẹ̀ lè gún régé. Nígbà tó parí, wọ́n ṣí gbogbo owó náà sínú apẹ̀rẹ̀.

Fifita, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló gbé apẹ̀rẹ̀ náà lọ sílé pásítọ̀. Ní àárọ̀ Sátidé yìí, Siale bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń da omi sí ọkọ̀.

"Fifita, ǹjẹ́ o rí pílásítà kan láàárín owó yẹn? Ó wà lára mi tẹ́lẹ̀..."

Fifita fi ọwọ́ bo etí. Ó ga tó ìlẹ̀kùn, àwọn tó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì máa ń gbàdúrà kí wọ́n tó kò ó, ṣùgbọ́n ọkùnrin Tonga kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ara àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Má sọ fún mi!"

"Èjìká lásán ni!"

"Èjìká náà, ara ni! Lọ bá àwọn obìnrin sọ ọ́!"

Ó ju rọ́bà omi sílẹ̀, ó sá wọlé. Inú Siale dùn díẹ̀. Kí Fifita tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un báyìí, ẹ̀ṣẹ́ ló máa ń fi kí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ Molitoni gun orí pẹpẹ láìdi nǹkan kan mú. Gbogbo ìjọ rí i, nítorí pé ìbàdí rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọdé máa ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ lẹ́yìn ilé.

"Ẹ̀yin ará," ni ó wí, "ẹnì kan nínú yín kò fi owó nìkan ṣe ọrẹ. Nígbà tí mo tú apẹ̀rẹ̀, mo rí pílásítà tó lẹ̀ mọ́ owó kan. Mo ní, áà, ẹnì kan rántí ìbàdí mi! Mo nù ún, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìbàdí. Ẹ wò mí!" Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ìjọ pariwo "Mālō!", ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Siale ki ìwé orin bọ ẹnu.

Ìyẹn ìbá parí síbẹ̀, àmọ́ ilé Àǹtí ni pásítọ̀ ti ń jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Gbogbo wọn wà nídìí lū, ewé kókò tí wọ́n fi wé ẹran àti omi àgbọn, nígbà tí ó la ẹnu.

"Kalolaine, bá mi wá ẹni tó ni pílásítà yẹn. Mo fẹ́ òmíràn."

Siale sọ ṣíbí kalẹ̀. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Tèmi ni. Oògùn obìnrin ni."

Fifita gbé àwo rẹ̀, ó jáde.

Ẹran ṣì wà lẹ́nu Pásítọ̀. "Oògùn obìnrin," ni ó wí jẹ́ẹ́. Ó gbìyànjú ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá: "Hooo." Ó tún un ṣe. "Ohùn ìsàlẹ̀ ni mò ń kọ nínú ègbè o, Siale."

"Ẹyọ kan kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, Pásítọ̀. Èmi tí mò ń lò ó, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó hàn lára mi."

"Ṣùgbọ́n ìbàdí mi yá!"

"Ìyàwó yín ní ẹ sinmi lánàá, ẹ kò gbé àga kankan."

Pásítọ̀ lọ sẹ́yìn fíríìjì, wọ́n gbọ́ ìró sẹ́lótéèpù àti igbe kékeré kan. Nígbà tí ó padà, ẹ̀rín ń pa á. Ẹ̀rín kò pa Àǹtí Kalolaine.

"Pílásítà parí lónìí," ni Àǹtí wí. "Ìpàdé gbogbo ìjọ ni Sátidé tó ń bọ̀, o máa jó, o sì máa dán. Lọ gba oníhóró. Èmi ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì láràárọ̀, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́."

"Dókítà ò gbà, Àǹtí. Nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì sí Mọ́mì lẹ́sẹ̀. Ó ní ti gbígbé mì lè fà á fún èmi náà."

"Èyí tí wọ́n ń fi para ńkọ́?"

"Jẹ́ẹ̀lì yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó fara kàn mí. Nínú ilé yìí?" Ọmọ Fifita ń sùn lé Siale láyà, itọ́ rẹ̀ ń ṣàn sí i lápá.

"Abẹ́rẹ́?" Pásítọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ ọn, bí ẹni tó ń bá wọn yan iṣu.

"Ó ṣòro rí níbí. Èyí tó kù ni hóró abẹ́ awọ. Wọ́n á la ikùn díẹ̀, wọ́n á fi í síbẹ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀."

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Òróró ò dé ibẹ̀! Kí ló dé tó o ò tíì ṣe é?" Lẹ́yìn náà ó rántí. "Ìwọ tó dákú nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Fifita!"

"Ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀, Àǹtí." Siale ń wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ yìí ni dókítà ní àyè. Ojú egbò sì gbọ́dọ̀ sinmi. Mi ò gbọ́dọ̀ jó lọ́sẹ̀ yẹn."

"Sún un síwájú."

"Lẹ́yìn Kérésì ni àyè mìíràn. Ẹyọ pílásítà kan ló sì kù."

Àǹtí fa àwo rẹ̀ sọ́dọ̀, ó tún tì í padà. "Gbọ́ mi. Ẹnu àwọn èèyàn ni mo fara dà kí n tó mú ọ síwájú. Tí o kò bá jó ní Sátidé, Fusi ló máa jó. Ìyá Fusi kì í sì í dá nǹkan padà. Bóyá ni àyè máa tún ṣí fún ọ lọ́dún tó ń bọ̀."

Òtítọ́ ni, Siale mọ̀ ọ́n. Ó rí ara rẹ̀ nídìí àwọn àga, tó ń tò wọ́n. Ó rí ọwọ́ Fusi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó máa ń jó, nínú ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ tó le bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. Ó tún rí ara rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ajá yẹn.

Ó tẹ́ ọmọ náà sórí tìmùtìmù. Ó kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, kí orí rẹ̀ má baà ga ju ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ. Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tó tíì kọ ọ̀rọ̀ sí Àǹtí Kalolaine lẹ́nu rí.

"Àǹtí, hóró abẹ́ awọ ni mo yàn. Mò ń lọ ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò ní jó ní Sátidé, ẹ jẹ́ kí Fusi jó."